Kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ 93 ni ìràwọ̀ mi fi ń yípo. Ṣé kí n gbà á?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà. Mo wà ní ọdún àṣekágbá ní yunifásítì. Mo gba àkọsílẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ pupa òmìrán kan tí sátẹ́láìtì Kepler fi ọdún mẹ́rin wò. Kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ 93 ló fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan. Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Má tíì kọ ọ́. Iye yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Nígbà tí Kepler ń ṣiṣẹ́, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló máa ń yí ara rẹ̀, kí pánẹ́ẹ̀lì sólà rẹ̀ lè máa kọjú sí oòrùn. Bó bá ti yí, ìràwọ̀ rẹ á bọ́ sí ibòmíràn lójú kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á fò sókè tàbí kó já wálẹ̀, nígbà tí nǹkan kan ò ṣe ìràwọ̀ fúnra rẹ̀. Fa ìlà sórí gíráàfù níbi gbogbo tí èyí ti ṣẹlẹ̀, kí o sì fojú ara rẹ wò ó. Bó bá jẹ́ ibi ìlà wọ̀nyẹn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yí padà, ẹ̀rọ lo wọ̀n.

Àbàwọ́n ojú ìràwọ̀ là ń wá: ibi tí agbára òòfà ti dí ooru inú lọ́nà, tó fi tutù, tó sì ṣókùnkùn ju àyíká rẹ̀ lọ. Bó bá yí sọ́dọ̀ wa, ìmọ́lẹ̀ á dínkù. Bó bá yí lọ sẹ́yìn, á padà bọ̀ sípò. Ó ń dàgbà, ó sì ń parẹ́, nítorí náà kòtò inú gíráàfù kì í jọra délẹ̀. Bí méjì bá sì kẹ̀yìn síra lójú ìràwọ̀ kan, ìdajì iye ọjọ́ ni kọ̀ǹpútà sábà máa ń sọ.

Àyẹ̀wò tí mo fọkàn tán jù ni ti spectrum, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí a tú sí oríṣiríṣi àwọ̀, torí bí ìràwọ̀ bá ṣe ń yára yípo tó ni ìlà dúdú inú spectrum rẹ̀ ń fẹ̀ tó. Ká ní ìràwọ̀ rẹ fẹ̀ tó oòrùn lọ́nà 10: bó bá fi ọjọ́ 93 yípo, ojú rẹ̀ níbi àárín ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 5.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìlà bá fi 12 hàn, ọjọ́ 93 ti wó nìyẹn. Bó bá fi 3 hàn, kò tíì wó, torí ó lè jẹ́ pé orí ìràwọ̀ náà ló fì sọ́dọ̀ wa.

Bí kò bá sí èyí tó dúró, kọ ọ́ pé o ò rí ìyípo rẹ̀ wọ̀n. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Bí ìràwọ̀ bá ti wú di pupa òmìrán ni ìyípo rẹ̀ ń rọlẹ̀, bí ẹni tó ń pòòyì tó wá na apá méjèèjì. Agbára òòfà rẹ̀ á rọlẹ̀ pẹ̀lú, àbàwọ́n á sì ṣọ̀wọ́n. Nínú àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2017 lórí ìràwọ̀ pupa òmìrán 17,377 tí Kepler wò, 361 péré ni wọ́n rí ìyípo wọn wọ̀n.