Kí ló dé tí kọ̀ǹpútà mi ń wọ Windows tààrà, tí kò béèrè Ubuntu mọ́?

Ubuntu rẹ, ìyẹn ètò ìṣiṣẹ́ kejì tí o fi sí ẹ̀gbẹ́ Windows, ṣì wà níbẹ̀. Windows ló kàn gba iwájú rẹ̀ nínú UEFI, ìyẹn ètò tó ń pinnu ohun tí kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ gbé dìde. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn àpdéètì Windows, nítorí náà má tíì pa nǹkan kan rẹ́.

Pa kọ̀ǹpútà, tàn án padà, kí o máa tẹ F2 tàbí Del léraléra kí àmì Windows tó yọ. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, F10 tàbí Esc ni. Wá ibi tí wọ́n kọ “Boot Order” sí: wàá rí “Windows Boot Manager” lókè, “ubuntu” nísàlẹ̀. Gbé “ubuntu” sókè, fi pamọ́, kí o jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibẹ̀ náà ni wàhálà máa ń parí sí.

Bí “ubuntu” kò bá sí níbẹ̀ rárá, GRUB, ìyẹn ètò kékeré tó ń gbé Ubuntu dìde, ló yẹ kí o dá padà. Fi fíláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, yan “Try Ubuntu”, gbé Boot-Repair, ètò tó ń tún GRUB ṣe, wọlé, kí o sì tẹ “Recommended repair”. O máa nílò íntánẹ́ẹ̀tì, torí Boot-Repair kì í bá Ubuntu wá.

Bí BitLocker, ìyẹn ètò tó ń ti dátà Windows pa, bá wà lórí Windows rẹ, wá kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 rẹ̀ sọ́wọ́ kí o tó fọwọ́ kan UEFI. Ó lè béèrè rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo BIOS, ètò tó ṣáájú UEFI, kò ní orúkọ “ubuntu” yìí, GRUB ni kí o lọ tún ṣe tààrà.