Ìdí tí fíìmù apànìyàn fi ń wọ̀ wá lára

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló dé tí àwa ará Ìkòròdú, pẹ̀lú ohun tí ojú wa rí nígbà Badoo, ẹgbẹ́ apànìyàn tó ń wọlé pa èèyàn lóru, ní 2016 àti 2017, tún ń wá fíìmù apànìyàn wò. Lójú tèmi, ohun tí ojú wa rí yẹn gan-an ló fà á. Nígbà náà, tílẹ̀ bá ti ṣú, a ò mọ ilé tó kàn. Àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú. Ajá gbó báyìí, gbogbo ilé ti dìde. A ò mọ ẹni tó ń pani, a ò mọ ìdí. Nínú fíìmù, ẹnìkan á tọpasẹ̀ ẹ̀ títí àṣírí á fi tú. Ara á tù wá.

Ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà ńbẹ̀. Olùdarí tó mọṣẹ́ á ti fi ọ̀bẹ abẹ́ ìrọ̀rí hàn wá kí ọlọ́pàá tó wọ yàrá. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń wò ó ní Sábó: oníbàárà á gbàgbé ṣéńjì ẹ̀, á máa pariwo, “Má wọlé o!”

Ẹ wá fíìmù October 1 ti Kúnlé Afọláyan wò, 2014 ló jáde. Sadiq Daba ló ṣe ọlọ́pàá tó wá wádìí ikú àwọn ọ̀dọ́bìnrin nígbà tí òmìnira 1960 kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn fíìmù tó kàn ń yìnbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n kì í wò wọ́n tán, torí wọn kì í ka òkú sí èèyàn.