Bíà Pípọn Nílé fún Ẹni Tí Iṣẹ́ Kì Í Fún Láyè

Ẹ béèrè bóyá ẹni tó jẹ́ pé alẹ́ méjì péré ló ń ráyè lọ́sẹ̀ lè máa pọn bíà nílé. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tiyín ni kí ẹ dín kù, ẹ má fọwọ́ kan àkókò tí ìwúkàrà nílò. Ibi tí èmi ti ṣìṣe gan-an nìyẹn.

Ìwé ìlànà tó bá èròjà tí mo rà wá sọ pé ọjọ́ 7 ti tó fún ìwúkàrà láti parí iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jáfáfá sì fọwọ́ sí i, mo wá rọ bíà náà sínú ìgò ní ọjọ́ keje láìfi hydrometer, irinṣẹ́ tó ń fi nọ́ńbà sọ bí ṣúgà ṣe kù nínú bíà tó, wọ̀n ọ́n, nítorí pé ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ráyè. Ṣúgà inú rẹ̀, tí ìwúkàrà ń sọ di ọtí àti gáàsì, kò tíì tán, mo tún bu òmíràn sí i kí bíà lè máa hó nínú ìgò. Ní òru ọjọ́ kọkànlá ni mo gbọ́ ìró kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, bí ìgbà tí èèyàn ju òkò lu fèrèsé, kí n sì tó dé ibẹ̀, òmíràn ti bú. Àfọ́kù ìgò ti wọnú pákó ilẹ̀kùn, bíà ń ṣàn gba abẹ́ rẹ̀ jáde, aṣọ ìbora tó nípọn ni mo sì fi bo àwọn tó kù kí n tó lè gbójúgbóyà sún mọ́ wọn. Ìgò 9 ló bú nínú 40. Nígbà tí mo padà lọ bá ọ̀jáfáfá yẹn, ó ní n kò fọ ìgò mọ́ ni. Inú ṣì ń bí mi di òní, nítorí pé ìwúkàrà kì í ka ọjọ́: bí ibi tí ẹ gbé e sí bá ti tutù tó ni iṣẹ́ rẹ̀ yóò ti falẹ̀ tó. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún mi ni pé kí n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ 3 wà láàárín, kí n má sì rọ ọ́ sínú ìgò títí nọ́ńbà náà yóò fi dúró sójú kan. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, kò ní gba àkókò kankan lọ́wọ́ yín.

Ní ti alẹ́ méjì yín, ẹ lo àkọ́kọ́ láti rẹ ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù sínú omi 65 sí 68°C fún wákàtí 1, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ se omi rẹ̀ pẹ̀lú hops, òdòdó tó ń mú bíà korò, fún wákàtí 1 mìíràn, kí ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì tí ooru kò lè yọ́, kí ẹ sì dé e pa. Ní alẹ́ kejì tó tẹ̀ lé e, bó bá ti tó nǹkan bí 20°C, ẹ da ìwúkàrà sí i. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kejì yẹn, nítorí àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí. Fífọ ohun èlò, ẹ ti mọ ìyẹn.

Ẹ má sì sè é nígbà tí oorun bá ń kùn yín, nítorí pé bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó ló máa ń ru bo ìkòkò, omi náà sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara bó ti ń jóni. Ṣúgà inú ìgò kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí gíráàmù 6 sí lítà 1 lọ, òṣùwọ̀n ni kí ẹ sì fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí. Ìgò bíà tó nípọn ni kí ẹ lò, ẹ má ṣe fi ìgò wáìnì lásán dípò rẹ̀.