Ṣé Lóòótọ́ Ni Bàbá-àgbà Wọn Gbé Mauser Yìí Bọ̀ Láti Ojú Ogun?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Houston ni mo ń gbé. Mo rí ìbọn Mauser ti Jámánì kan ní ọjà ìbọn, ti Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n lu byf 43 sí i lórí, ó ní òǹtẹ̀ ẹyẹ idì, àmì X kékeré kan sì wà nítòsí rẹ̀. Nọ́ńbà ara bóòtù, irin tí wọ́n ń fọwọ́ fà sẹ́yìn láti ti ọta sínú ìbọn, bá ti ara ìbọn mu, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Igi rẹ̀ pọ́n, ó ń dán. Ẹni tó ń tà á ní bàbá-àgbà òun ló gbé e bọ̀ láti Jámánì ní 1945, ìdí nìyẹn tó fi gbówó gọbọi lé e. Ṣé kí n rà á? Ṣé mo sì lè fi sáńdípépà fá igi náà kí ó lè padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ to gbogbo ohun tí ẹ rí sílẹ̀, torí òun gan-an ló tú àṣírí. Ìbọn gidi ni, Jámánì ló rọ ọ́, wọ́n sì rọ ọ́ nígbà ogun. Àmọ́ irọ́ ni ti bàbá-àgbà. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Soviet, ìyẹn Rọ́ṣíà ìgbà náà, ni ìbọn yẹn bọ́ sí. Bó bá wù yín, ẹ rà á, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta èyí tó gba Rọ́ṣíà kọjá ni kí ẹ san. Ó kéré gan-an sí iye èyí tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbé wálé.

Karabiner 98k lorúkọ rẹ̀. 1935 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì tẹ́wọ́ gbà á, wọ́n sì rọ èyí tó lé ní mílíọ̀nù 14 kí ogun tó parí. Ilé iṣẹ́ kan kò lè dá ìyẹn ṣe, nítorí náà wọ́n pín in káàkiri, wọ́n sì fi kóòdù bo orúkọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọ̀tá má bàa mọ ibi tó ti ń jáde. Ilé iṣẹ́ Mauser ní Oberndorf ló ń jẹ́ byf, 43 sì ni ọdún 1943. Gustloff ní Weimar ni bcd, Steyr ní Austria ni bnz, Sauer ní Suhl ni ce. Èmi kì í ka àwọn lẹ́tà wọ̀nyí bíi lẹ́tà lásán. Gustloff fi tipá kó ẹlẹ́wọ̀n àgọ́ ìfìyàjẹni Buchenwald ṣiṣẹ́, Steyr náà kó ti Mauthausen àti Gusen. Ẹni tó bá fẹ́ kó irú ìbọn yìí jọ, kí ó mọ ohun tó gbé sọ́wọ́.

Nọ́ńbà ló ń pinnu owó rẹ̀. Bí wọ́n bá ti to ọ̀kan pọ̀ tán ní ilé iṣẹ́, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa ń lù sára irin tí bóòtù ń gbé inú rẹ̀, sára ọ̀pá ìbọn, sára bóòtù, sára igi. Àwọn irin kéékèèké a máa gba ìparí nọ́ńbà náà nìkan. Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi ń lù ú. Bí ẹ bá fi èékánná tọ ojú rẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé ó jìn wọlé, ìlà rẹ̀ sì mọ́. Ìbọn tí gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ ṣì bára mu bí wọ́n ṣe lù ú níjọ́ kìn-ín-ní ni àwọn olùkójọ ń lé kiri. Ẹ wo lẹ́tà kékeré tó wà nísàlẹ̀ nọ́ńbà pẹ̀lú, torí bí ilé iṣẹ́ bá ti ka nọ́ńbà dé nǹkan bí 10,000, wọ́n á padà sí 1, wọ́n á fi a sí i, lẹ́yìn náà b. Nítorí náà nọ́ńbà kan náà lè wà lára ìbọn púpọ̀ tó jáde láti ibì kan ní ọdún kan.

Àwọn Soviet kò bá ti olùkójọ lọ. Ìbọn tí wọ́n gbà lójú ogun pọ̀ lọ jàra, wọ́n sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ de ogun mìíràn. Wọ́n tú u palẹ̀, bóòtù lọ síbì kan, igi lọ síbì kan. Wọ́n ri irin sínú aró dúdú, wọ́n fi fáníìṣì pupa kun igi, wọ́n wá to gbogbo rẹ̀ padà láìbìkítà èwo ló ni èwo. Bóòtù tí ọwọ́ bá bà ni wọ́n ń fi sí i. Wọ́n á lọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò lára rẹ̀ tàbí kí wọ́n fa ìlà lé e lórí, wọ́n á sì fi kálàmù oníná fín nọ́ńbà ìbọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí. Ohun tí ẹ rí tó dà bí ìfọwọ́kọ nìyẹn. Tiwọn náà ni X yẹn.

Bí ẹ bá padà síbẹ̀, ẹ wo abẹ́ ọ̀pá ìbọn bóyá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń nù ún ṣì wà níbẹ̀. Nǹkan bí ìdérí kékeré tó máa ń bo ohun ìfojúsùn iwájú ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, méjèèjì ti sọnù lára àwọn tó gba Rọ́ṣíà kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé iná sún mọ́ ẹnu ìbọn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àti abẹ́ ọ̀pá, kí ẹ wá lẹ́tà wínníwínní tó jẹ́ orúkọ oníṣòwò àti ìlú kan ní Amẹ́ríkà. Òfin ló ní kí ẹni tó bá kó ìbọn wọlé lu orúkọ rẹ̀ sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni irú ìbọn yìí ya wọ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu. Bí orúkọ oníṣòwò bá wà lára rẹ̀, kò lè jẹ́ pé inú yàrá bàbá-àgbà ló ti wà láti 1945.

Ẹlòmíràn á yí ohùn padà nígbà yẹn, á ní Stalingrad, ìlú Rọ́ṣíà tí ogun ńlá ti wáyé, ni wọ́n ti gbà á, kí owó má bàa wálẹ̀. Àwọn Jámánì tó wà ní Stalingrad ti há láti oṣù kọkànlá 1942, àwọn tó kù sì juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù kejì 1943. Kí ẹ bi í báwo ni ìbọn tí wọ́n rọ ní 1943 ṣe débẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà tó burú ju ti bàbá-àgbà lọ. Àwọn kan ń ra èyí tó ti Rọ́ṣíà wá ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n á wẹ fáníìṣì kúrò, wọ́n á lọ ojú bóòtù dán, wọ́n á lu nọ́ńbà tuntun sí i, wọ́n á wá tà á bí ẹni pé kò tíì kúrò lára ìbọn rẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n yọ bóòtù fún yín. Bí ibi tí nọ́ńbà wà bá rẹlẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Ẹ túbọ̀ ṣọ́ra fún èyí tó ní àmì SS, ẹgbẹ́ ológun àwọn Nazi, àti èyí tí wọ́n fi awò sí lórí pé ti àwọn atamátàsé ni. Ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni ayédèrú pọ̀ sí jù.

Ní ti sáńdípépà, rárá o. Òǹtẹ̀ wà lára igi náà, bí ẹ bá ti fá a lọ, kò sí owó tó lè dá a padà. Fáníìṣì pupa yẹn pàápàá ti di ara ìtàn ìbọn náà. Aṣọ rírọ̀ àti òróró díẹ̀ sára irin ti tó. Mo mọ̀ pé àmì Nazi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ idì máa ń bí àwọn kan nínú, ó sì yẹ kó bí wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á, kó má rà á, dípò kó rà á tán kó máa fi fáìlì họ ọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ yìn ín, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún oníṣẹ́ ìbọn. Bóòtù rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ láti ilẹ̀, oníṣẹ́ ìbọn náà sì gbọ́dọ̀ fi gééjì wọn àlàfo tó wà láàárín bóòtù àti ìdí ọta. Bí àlàfo náà bá ti pọ̀ jù, ìdí ọta lè bẹ́, kí iná sì tú padà sójú ẹni tó yìn ín. Ọta 7.92×57 ló ń jẹ, ṣùgbọ́n Israel yí ọ̀pọ̀ padà sí 7.62, Norway náà yí tiwọn sí .30-06, nítorí náà ẹ ka ara ọ̀pá dáadáa. Ọta ológun àtijọ́ tó rọjú náà máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá. Òróró nìkan kì í yọ iyọ̀. Omi gbígbóná ni kí ẹ dà sí i lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó fi òróró sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ti dógùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó ku ti òfin. Ẹ máa rí Mod. 98 lára irin lápá òsì. Àwọn kan ń fi ìyẹn tan èèyàn pé ìbọn 1898 ni, pé kò nílò ìwé kankan. Òótọ́ ni pé òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ka ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ mọ́ ìbọn òde òní, ṣùgbọ́n orúkọ irú ìbọn náà ni 98 yẹn. Tiyín jẹ́ ti 1943, bí ẹ bá sì rà á lọ́wọ́ oníṣòwò tó ní láísẹ́ẹ̀sì, ẹ máa kún fọ́ọ̀mù 4473, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò. Ẹni tó ní green card lè rà á. Ẹni tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta, àyàfi bó bá bọ́ sínú ìwọ̀nba àyè tí òfin fi sílẹ̀, bíi ẹni tó gba láísẹ́ẹ̀sì ọdẹ. Mo ti rí i tí àwọn èèyàn wa ń fojú kéré èyí. Ẹ̀wọ̀n ló wà níbẹ̀, ó sì lè ba ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú yín jẹ́ pátápátá. Ẹ má sì dán an wò láti fi í ránṣẹ́ sílé, ìbáà jẹ́ nínú àpótí ẹrù ọkọ̀ ojú omi.

Bí ìwé yín bá pé, ẹ padà lọ bá ọkùnrin yẹn, ẹ fi X àti nọ́ńbà tí wọ́n fín sára bóòtù hàn án, kí ẹ wá bi í pé èló ló máa gbà.