Ìdáhùn fún àbúrò tí wọ́n ní kó lu ihò sí kick

Àbúrò, o ní ìjọ yín ra drum set tokunbo kan: kick (ìlù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù) oníínṣì 22 tí kò ní ihò kankan lórí, tom (àwọn ìlù kéékèèké tó máa ń wà lókè kick) oníínṣì 10 àti 12, pẹ̀lú floor tom (tom ńlá tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró nílẹ̀) oníínṣì 14. O ní ẹni tó tà á fún yín ní kí ẹ gbé kick lọ bá káfíńtà kó dá a lu, kí ẹ wá ra họ́dà ẹlẹ́ka méjì lọ́wọ́ òun, kí tom méjèèjì lè jókòó lé e. Ìwọ wá ń béèrè bóyá kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ wá sítáǹdì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi gba dírílì yẹn lọ́wọ́ wọn ná.

Ohun tí olùtajà kì í sọ ni pé kick tí kò ní ihò kì í ṣe kick tí wọ́n gbàgbé láti parí. Ẹni tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí igi ara rẹ̀ lè gbọ̀n bó ṣe yẹ, kí ẹrù kankan má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn onílù kan lókè òkun ń wá irú rẹ̀ kiri lójú méjèèjì. Kí ẹnìkan wá ní kí ẹ dá a lu nítorí kó lè rí họ́dà tà!

Irú kick yìí gan-an la ní ní ìjọ tí mo ti ń lu ìlù n'Ìbàdàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ra sítáǹdì. Alága ìgbìmọ̀ ohun èlò wa, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà, ní kí ló wà nínú ihò orí igi, òun tí òun ti bá wọn kọ́ afárá. Afárá! Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo máa jókòó ti nǹkan yìí." Wọ́n ní àfojúdi ni mò ń ṣe. Wọ́n pe káfíńtà tó ń bá wa tún àga ìjọ ṣe.

Dírílì tó gbé wá ni èyí tí wọ́n fi ń lu ojú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Kò lẹ téèpù mọ́ ibi tó fẹ́ lù. Kò fi pákó ti inú. Ó gbé ẹnu dírílì lé e, ó sì fi àyà tì í. Ara kick kì í ṣe odindi igi kan o. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ra ní ìpele-ìpele, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kì í sábà ju mìlímítà 6 sí 9 lọ. Bí ẹnu dírílì ṣe fẹ́ yọ sí òdìkejì, ìpele tó wà nínú lọ́hùn-ún kò dúró kó lu òun, ńṣe ló ya, tó ṣí, tó fà tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti wò ó, ẹ̀rún igi wọ mí lábẹ́ èékánná. Ihò náà tún tóbi ju páìpù họ́dà lọ. Wọ́n gé páálí, wọ́n fi há a. Bàbá alága ní ó ti dára, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Tom méjì pẹ̀lú họ́dà onírin kì í ṣe ẹrù kékeré, ojú kan ṣoṣo lára igi tó ti ya ni gbogbo rẹ̀ wá dúró lé. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń lù, tom á máa rọra tẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Orin ò ní tíì dé ègbè tí mo ti máa fi ìgbọ̀nwọ́ tì í padà. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n fún nọ́ọ̀tì. Mo ń fún nọ́ọ̀tì, igi ń rì. Mo tún sọ, wọ́n ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí. Tí o bá ti wà nínú ìjọ rí, o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ìṣọ́ òru kan ló wá ṣẹlẹ̀. A ti dé ibi ìyìn, àwọn ìyá ti bọ́ bàtà, ilẹ̀ ń mì. Mo gbọ́ kàá. Mo rò pé sítíìkì ló kán. Kí n tó wolẹ̀, họ́dà ti dojú bolẹ̀, tom ńlá ti sùn lé rímù (òrùka tó di awọ mú) kick, tom kékeré ti já, ó yí gbiri-gbiri lọ sídìí pẹpẹ. Orin kò dúró. Ìyá kan tiẹ̀ ń kígbe "Jésù!" torí wọ́n rò pé agbára ló sọ̀ kalẹ̀ sórí onílù. Mo fi snare (ìlù pẹlẹbẹ tó wà níwájú onílù) àti floor tom gbé e délẹ̀, àágùn bò mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a yọ awọ iwájú, a rí i pé igi ti là láti ojú ihò títí dé etí tí awọ ń jókòó lé. Etí yẹn ni ẹ̀mí ìlù. Bó bá ti là, o lè fa awọ títí ọwọ́ rẹ á fi bó, ohùn kò ní dúró mọ́. Káfíńtà tún padà wá pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wá jókòó lóòótọ́, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé onílù ń lu ìlù pẹ̀lú ipá tó pọ̀ jù. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ pé káfíńtà yín mọṣẹ́, kó má ya. Ohùn ńkọ́? Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ṣe èyí fún mi: fi ìka méjì fa tom 12 yẹn sókè ní rímù rẹ̀, kó rọ̀ lófìífo, kí o lù ú láàárín. Wàá gbọ́ dùùùùn, tó ń fà, tó ń lọ. Lọ sí ìjọ tí wọ́n ti kan tom mọ́ orí kick, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o lu tiwọn. Gbò. Ó tán. Gbígbọ̀n tom ń gba inú irin sọ̀ kalẹ̀ wọ inú kick, kick tó wúwo á sì gbé e mì. Àwọn kan á sọ fún ẹ pé awọ ló ti gbó, torí awọ ni wọ́n fẹ́ tà. Ta ló rí àyàn tó dá ìyáàlù lu kó lè rí i gbé kọ́ èjìká? Ọ̀já ló fi ń gbé e, ara ìlù sì wà lómìnira.

Ìdí nìyí tí Gary Gauger, onílù ará Amẹ́ríkà, fi ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní RIMS, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó tẹ̀ lé ara tom yípo, ó so kọ́ àwọn irin tí a fi ń fa awọ, rọ́bà wà láàárín, kò sí nǹkan kan tó kan igi tom fúnra rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìlù náà ní tiwọn: Tama ní Star-Cast. Pearl ní OptiMount. Yamaha gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n wá ibi tí ara tom kì í ti í gbọ̀n púpọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n de YESS tiwọn mọ́. Ayédèrú RIMS pọ̀ lọ́jà, òmíràn sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: ìwọ̀n tom àti iye nọ́ọ̀tì tí a fi ń fa awọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ṣe fún tom 12 onínọ́ọ̀tì mẹ́fà kò ní wọ onínọ́ọ̀tì márùn-ún, bó ti wù kí olùtajà fi agídí tì í. Tom tó bá wà lórí rẹ̀ á máa mì díẹ̀ nígbà tí o bá lù ú, ó máa ń dààmú ẹni tí kò bá mọ́ lára. Ọjọ́ tí o bá sì fẹ́ pààrọ̀ awọ, o máa tú u. Rọ́bà ayédèrú kì í fẹ́ràn oòrùn wa, nítorí náà má fi ìlù sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ìjọ lọ́sàn-án.

Ó dáa, sítáǹdì. Ojú tèmi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ fi tom 12 nìkan bẹ̀rẹ̀, kí 10 ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Tom kan, floor tom kan, ó tó gbogbo orin tí ẹ máa kọ ní ọjọ́ Àìkú, má jẹ́ kí àwọn ọmọ orí YouTube tàn ẹ́. Gbé 12 lé sítáǹdì snare, sí ìhà òsì kick. Ọwọ́ mẹ́ta orí sítáǹdì yẹn, má fún un pinpin o. Kó kàn gbé rímù ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ni. Tí o bá fún un, o tún ti pa ohùn kan náà tí a ń sá nítorí rẹ̀. Wo bí tom ṣe jìn tó pẹ̀lú: èyí tó bá jìn jù, sítáǹdì kò ní lè sọ̀ kalẹ̀ tó, wàá wá máa na apá sókè. Tom 10 kò rọrùn fún sítáǹdì snare, torí ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í pa dé tó bẹ́ẹ̀. Gbé e dání lọ dán an wò.

Nígbà tí owó bá dé, ẹ ra kílám̀pù tó ń di ara sítáǹdì cymbal (awo irin tí a ń lù) mú, pẹ̀lú apá tí tom ń kọ́ sí. Sítáǹdì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin méjì-méjì. Yí i kí ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́ta kọjú síbi tí tom rọ̀ sí gan-an. Tí tom bá rọ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ á ṣubú lọ́jọ́ kan, cymbal á sì bá a lọ. Sítáǹdì tom ẹlẹ́ka méjì tó dá dúró náà wà, òun ló fọkàn balẹ̀ jù, ó kàn wúwo. Fírémù onírin tó yí gbogbo ìlù ká, irú èyí tí Pearl ṣe pẹ̀lú Jeff Porcaro, onílù ará Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980, ti ìjọ tí kì í kó ìlù kiri ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sóde ìsìn ìta gbangba, ẹ fi sílẹ̀.

Ṣọ́ra fún wẹ́dà àdúgbò. Ẹnìkan á ní òun lè fi páìpù omi ṣe é fún yín ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀. Ó lè ṣe ẹsẹ̀, kò lè ṣe ojú ibi tí irin tom ń wọ̀, torí irin yẹn kì í ṣe ìwọ̀n kan. Òmíràn jẹ́ mìlímítà 9.5, òmíràn 10.5, òmíràn 12.7. Ti Pearl àtijọ́ jẹ́ páìpù ńlá oníínṣì 7/8 tó ń wọ inú tom lọ. Irin Yamaha ní igun mẹ́fà. Kódà ní Alábà, ẹni tó ń tà á lè má mọ̀ ọ́n, gbogbo rẹ̀ ni "ó máa wọ̀ ọ́" lẹ́nu wọn. Gbé tom lọ, má gbé ìwọ̀n orí ìwé lọ.

Ẹlòmíràn tún ni ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Tom á dún dáadáa tán, á ní ó ń hó, á di téèpù àti tíṣù mọ́ ojú awọ títí á fi máa dún bí páálí. Gbàrà tí tom bá rọ̀ lófìífo báyìí, ohùn rẹ̀ máa gùn, ó sì máa bínú. Sọ fún un kó sún gbohùngbohùn rẹ̀. Ọmọ kékeré kankan má jókòó lórí kick, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wọn.

Bí àwọn àgbà ìjọ bá fi dandan lé e pé wọ́n máa dá a lu, kí ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún ìlù ṣe, kì í ṣe káfíńtà. Téèpù lójú, pákó nínú, ẹnu dírílì kékeré ṣáájú, lẹ́yìn náà ayùn olóbìírípo, kí irin pẹlẹbẹ sì wà nínú tó máa pín ẹrù náà. Kó sún sí ìhà awọ iwájú, kì í ṣe àárín gbùngbùn. Kí o wà níbẹ̀.

Ní ti gíga tom àti bó ṣe máa dẹ̀gbẹ́, àga rẹ ni wàá kọ́kọ́ tò, ìyókù á tẹ̀ lé e, ìyẹn ò nílò àlàyé.

Mo fẹ́ gbàgbé floor tom. Ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ lórí táìsì ìjọ, àrùn kan náà ni: gbígbọ̀n rẹ̀ ń gba ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wọ ilẹ̀, torí rọ́bà abẹ́ ẹsẹ̀ tokunbo sábà máa ń le gan-gan. Ra tuntun, èyí tó ní afẹ́fẹ́ nínú, tàbí kí o gé fóòmù líle mẹ́ta sábẹ́ wọn, o ó sì gbọ́ ìyàtọ̀ lọ́jọ́ náà. Tí ẹ bá ti rí kílám̀pù tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ya fọ́tò irin ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ojú ibi tó ń wọ̀ lára tom, gbé e síbí kí ẹ tó sanwó.