Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Hítà Volkswagen Ìjàpá Nígbà Òtútù

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Leeds ni mò ń gbé, mo sì ní Volkswagen Ìjàpá ọdún 1972 tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Láti ìgbà tí òtútù ti dé, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbi ẹsẹ̀ mi kò ju ìlọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, gíláàsì iwájú sì máa ń ṣú tí n kò fi ní ríran. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra hítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtanná sìgá. Òmíràn ní ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá wà lẹ́yìn kò lè móoru láéláé. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Hítà inú ihò sìgá kì í sábà ju wáàtì 150 lọ, nígbà tí irin kan ṣoṣo lára hítà inú ilé ń lo bí 1,000; bátìrì ni yóò kàn máa fà. Ní ti ẹ́ńjìnì tó wà lẹ́yìn, òótọ́ ni pé ọ̀nà tí ooru yóò rìn jìn, ṣùgbọ́n ooru náà wà, ojú ọ̀nà ni ó ń ṣòfò sí.

Ẹ́ńjìnì Ìjàpá kì í lo omi. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, díẹ̀ nínú atẹ́gùn náà a sì gba inú họ́òsì méjì lọ sínú heat exchanger, ìyẹn àpò irin tó bo páìpù èéfín lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí ẹ bá fa lẹ́fà ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíréèkì ọwọ́ sókè, wáyà yóò ṣí ìdérí ẹnu àpò méjèèjì, atẹ́gùn gbígbóná yóò sì gba ihò irin abẹ́ ilẹ̀kùn dé ibi ẹsẹ̀ àti ìdí gíláàsì iwájú. Lẹ́fà òsì wà fún àwọn tó jókòó sẹ́yìn. Bí ẹ̀yin nìkan bá ń wa ọkọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ ní títì kí ooru lè lọ síwájú.

Kí ẹ tó máa wá bí ooru yóò ṣe pọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ àpò wọ̀nyí wò dáadáa. Irin páìpù yẹn nìkan ni ó ya èéfín ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kúrò lára atẹ́gùn tí ẹ ń mí. Bí ìpẹtà bá lu ú, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì yóò bá ooru wọlé, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, orí fífọ́ àti òòyì ni ènìyàn fi ń fura, ó sì ń pa ènìyàn. Ní Britain, ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún, tí a kò yí padà púpọ̀, kò nílò MOT mọ́, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ ṣeé wà lójú títì. N kò bá òfin náà jà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá wo abẹ́ Ìjàpá yín, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké nígbà tí afẹ́fẹ́ olóró yìí bá wọlé, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀. Òórùn ọ́ìlì jíjó yàtọ̀ sí èyí: ọ́ìlì tó ń kán sára àpò gbígbóná ló sábà máa ń fà á, ó sì yẹ kí ẹ dí ibi tó ti ń jò.

Nígbà tí ìyẹn bá dájú, ẹ tọ ipa atẹ́gùn náà láti orísun. Họ́òsì méjì ẹ̀gbẹ́ fáànù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì tó sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ kì í rántí dá wọn padà. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, tí ọkọ̀ sì dúró lórí irin tó lágbára, kí ẹnì kan máa fa lẹ́fà kí ẹ̀yin máa wo ìdérí méjèèjì lábẹ́: iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín a máa jẹ wáyà, a sì máa mú ìdérí gan. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ àpò náà rí, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n fi sí i. Ti ojúlówó ní irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ nínú tí ń gba ooru lára páìpù. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan ṣófo, bí ẹní ń fi agbọ̀n pọnmi sì ni ríra wọn. Tẹmọ́sítáàtì tún wà lábẹ́ sìlíńdà ọ̀tún, òun ni kì í jẹ́ kí fáànù fẹ́ ẹ́ńjìnì tútù títí yóò fi gbóná tó bí ìwọ̀n 65 sí 70 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì. Àwọn kan ti yọ ọ́ dànù, ẹ́ńjìnì wọn a sì pẹ́ kí ó tó móoru.

Bí gbogbo èyí bá pé tí iwájú sì ń tutù síbẹ̀, ihò abẹ́ ilẹ̀kùn ni ó ti jẹrà. Ẹ má fi téèpù dí i. Ó wà lára egungun ọkọ̀ gan-an, iṣẹ́ wẹ́dà ni, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ẹni tí Ìjàpá tirẹ̀ bá ti ilé wá, bóyá nínú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní Èkó nígbà náà lọ́hùn-ún, ní ọdún 1975, kí ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àpò ìgbóná tilẹ̀ wà lára rẹ̀, tàbí páìpù lásán ni wọ́n ti fi rọ́pò rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Chicago ni mo wà. Ṣé mo lè fi fáànù oníná, fólìtì 12, sí ojú họ́òsì Ìjàpá mi ti ọdún 1965, kí ó lè máa ti ooru wọlé?

ÌDÁHÙN: Fólìtì 6 ni ọkọ̀ yín; àwọn ti ọdún 1967 ni wọ́n kọ́kọ́ kó wá sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú fólìtì 12. Àfi bí ẹ bá ti yí gbogbo iná rẹ̀ padà, fáànù náà kò ní yí bó ṣe yẹ. Nínú gósílóò, ẹ máa lo jíà tó relẹ̀ díẹ̀, torí bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń yí sí ni fáànù tirẹ̀ ṣe ń fẹ́ sí.