Ẹ̀yìn mi le, ọwọ́ mi ò kan ilẹ̀: ṣé yógà wà fún irú mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Físíò. Ẹni ọdún 54 ni mí, aṣọ ni mo ń rán l'Ábẹ́òkúta. Ọrùn àti ẹ̀yìn ń dùn mí, pàápàá nígbà ọdún tí aṣọ ẹbí bá kún ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin mi tó wà ní yunifásítì ti ń ṣe yógà, ìyẹn eré ìdárayá nínà ara pẹ̀lú mímí, tipẹ́. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ, ó ti wá di ẹni tó ń fi orí dúró báyìí. Ó ní kí n máa bá òun ṣe é nígbàkígbà tí òun bá wálé, pé ó wà fún gbogbo ènìyàn, àti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mi ò lè bẹ̀rẹ̀ kí ọwọ́ mi kan ilẹ̀, kí ni mo fẹ́ rí níbẹ̀? Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àbúrò mi ọkùnrin sì ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ní ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdí maṣíìnì, mà. Ó dára tí ẹ mẹ́nu ba oògùn yín àti ojú àbúrò yín, mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ lórí wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ohun tí ẹ bi mí. Irú yín gan-an ni yógà ń tètè ṣe lóore. Ara tí kò mọ eré ìdárayá kankan tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló máa rí tí yóò fi yàtọ̀. Ọmọ yín lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kó tó rí ìyàtọ̀ kékeré lára tirẹ̀. Ní tiyín, bí ẹ bá ń ṣe é déédéé, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lè máa rí i pé ọrùn ń yí dáadáa, pé ẹ ń dìde lórí àga láìdi ìbàdí mú.

Mi ò tíì yẹ̀ yín wò, nítorí náà mi ò lè sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀yìn yín ní pàtó. Ṣùgbọ́n mo ń tọ́jú aránṣọ púpọ̀, ìjókòó wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Orí á yọ síwájú kí ojú lè máa tẹ̀lé abẹ́rẹ́, èjìká méjèèjì á ká wá síwájú, ẹ̀yìn á tẹ̀, ẹsẹ̀ kan á sì wà lórí pẹ́dàlì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá ti pẹ́ díẹ̀, iṣan àyà àti ti iwájú ìbàdí á sún kì. Àwọn iṣan ẹ̀yìn ọrùn àti ti àárín ẹ̀yìn ni yóò wá máa gbé orí tó ti lọ síwájú yẹn dání láìsinmi. Àwọn ló máa ń dun ènìyàn bó bá di alẹ́. Yógà ń na èyí tó sún kì, ó ń fún èyí tó ti rẹ̀ lókun, ó sì ń kọ́ni láti máa mí dáadáa bí a ti ń ṣe é. Ìpara tí à ń fi pa ẹ̀yìn kò lè ṣe ìyẹn fúnni.

Ní 2017, àwọn olùwádìí nílùú Boston ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ènìyàn 320 tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olówó. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní yógà fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n fi àwọn kan sọ́wọ́ físíò, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìwé tí wọ́n máa kà nípa ìtọ́jú ẹ̀yìn. Ní ti ìrora àti ní ti iṣẹ́ ojúmọ́, àwọn tó ṣe yógà kò rẹ̀yìn sí àwọn tó lọ sọ́dọ̀ físíò. Físíò ni mí, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi ń sọ èyí fún aláìsàn tí owó ọkọ̀ ọsibítù ń ni lára. Yógà tí wọ́n kọ́ wọn yẹn, ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ká fi orí dúró.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ jókòó sí etí àga, ẹ má fẹ̀yìn tì, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, kí ọwọ́ wà lórí orúnkún. Bí ẹ bá ń mí sínú, ẹ gbé àyà síwájú, kí èjìká lọ sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń mí síta, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn ká, kí àgbọ̀n sún mọ́ àyà. Ẹ ṣe é bí ìgbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, kí ẹ̀yìn máa tẹ̀lé èémí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ síwájú tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ẹ wá máa fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí apá á fi nà, tí ẹ̀yìn á sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀ bí ẹ̀yìn itan bá ń fà jù. Kí orí wà láàárín apá méjèèjì, kó má relẹ̀ jù wọ́n lọ. Ẹ dúró síbẹ̀ fún èémí márùn-ún, ẹ rìn padà wá síwájú, ẹ gbé ara sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìdúró yìí ni mo fẹ́ràn jù fún aránṣọ, nítorí pé òun ni òdìkejì bí ẹ ṣe ń jókòó.

Lálẹ́, ẹ tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ lé orí àga láti orúnkún dé gìgísẹ̀. Ẹ ka ení dé ẹ̀rin bí ẹ ti ń mí sínú, ẹ kà á dé ẹ̀fà bí ẹ ti ń mí síta. Bí èémí tó ń jáde bá gùn ju èyí tó ń wọlé lọ, ọkàn á rọra máa lù, ara á sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé kí òun náà máa ṣe èyí lásìkò ìdánwò, torí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí oorun ń dá lójú, ara wọn kò tíì mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ní ti ipele, ẹ má fi ọwọ́ tó kan ilẹ̀ wọn ara yín. Èémí ni kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá wà nínú ìdúró kan tí ẹ sì ń mí gba imú wọ́ọ́rọ́wọ́, ibẹ̀ ni ipele yín wà lónìí. Bí ẹ bá rí i pé ẹ ti sé èémí, tí ẹ fún eyín pọ̀, ẹ ti kọjá rẹ̀ nìyẹn, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìlànà kan náà ló de ẹni tó ti ń ṣe é fún ogún ọdún. BKS Iyengar, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yógà tí òkìkí wọn kàn jù lágbàáyé, tí wọ́n bí ní 1918, aláìlera ni nígbà èwe rẹ̀: ibà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ló bá a fínra. Òun ló sọ lílo àga, bẹ́líìtì, búlọ́ọ̀kù igi àti okùn ara ògiri di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nínú yógà, kí ẹni tí ara rẹ̀ le tàbí tó ń ṣàìsàn lè rí ìdúró kan náà ṣe pẹ̀lú ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀. Ó lé ní ẹni ọdún 90 kó tó kú ní 2014. Tábìlì ìgéṣọ yín kò kéré sí ohun tó ń lò.

Ọmọ yín ló kù. Ẹni tí ara rẹ̀ rọ̀ bíi tirẹ̀ ni ewu pọ̀ fún ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí pé ó lè na oríkèé kọjá ààlà láìmọ̀ ọ́n lára. Ohun tí yógà lè fún un báyìí ni okun: kó dúró díẹ̀ kó tó dé òpin ibi tí ara rẹ̀ lè nà dé, kí iṣan di í mú níbẹ̀. Kó má sì jókòó lé gìgísẹ̀ pẹ́ títí ẹsẹ̀ á fi kú. Ó lè tẹ iṣan ìmọ̀lára tó gba ẹ̀gbẹ́ orúnkún kọjá, ọ̀rọ̀ yẹn sì lè di pé ẹsẹ̀ kò gbé mọ́.

Fífi orí dúró ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, kó dáwọ́ rẹ̀ dúró ná. Wọ́n ti wọn ojú àwọn tó ń fi orí dúró nínú yógà, wọ́n rí i pé ìfúnpá inú ojú ń tó ìlọ́po méjì nígbà tí wọ́n bá wà níbẹ̀. Ìfúnpá tó ga jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń jẹ́ kí glaucoma ba iṣan ìmọ̀lára tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Àrùn yìí wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wa, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jí ìríran kó, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ìyá aláìsàn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ojú wò, kí ẹ mú ọmọ yín dání. Títí èsì á fi jáde, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì má ṣe ohunkóhun tí orí yóò fi wà nísàlẹ̀ tí ìdí yóò wà lókè. Mi ò fẹ́ kí ohun tí ẹ ń ṣe nítorí ẹ̀yìn ba ojú jẹ́.

Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi oògùn sílẹ̀, ẹ má sé èémí, ẹ má sì dìde gììrì láti orí ẹní, nítorí pé oògùn yẹn lè mú kí òòyì kọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ jókòó díẹ̀, kí ẹ tó dúró.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín kò parọ́ pé inú ẹ̀sìn Íńdíà ni yógà ti jáde, mi ò sì ní fi ìyẹn pa mọ́ fún yín. Nínú ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ Patanjali, amòye Íńdíà kan, pè, ọ̀nà mẹ́jọ ló wà, ìdúró ara jẹ́ ẹyọ kan péré nínú wọn. Àwọn kan gba gbogbo rẹ̀, àwọn kan kàn fẹ́ ti ara. Ní 2017, ìjọba Saudi Arabia gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ohun tí mo ṣàlàyé fún yín lókè yìí, ara nínà àti mímí ni, kò sí orin tàbí àdúrà kankan nínú rẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá ṣì gbà á, ẹ sọ fún físíò tó bá sún mọ́ yín, yóò fún yín ní eré ìdárayá mìíràn tó máa ṣiṣẹ́ kan náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti àga àti ti tábìlì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Kó fà yín díẹ̀, kò burú. Bó bá gún yín, ẹ dá a dúró. Bí ìrora bá ń ti ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ wọ ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń kú tàbí tí kò lágbára, ẹ jẹ́ kí dókítà tàbí físíò yẹ̀ yín wò kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láìmọ̀, tàbí tí ojú abẹ́ ń kú, ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, bó ti wù kó pẹ́ lálẹ́ tó.